Àmì Abẹ́ Bẹ́ǹṣì

Búrẹ́dì wà lẹ́nu gbẹ́nàgbẹ́nà nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ka orúkọ ibi tí wọn yóò ti ṣe kíláàsì àkọ́kọ́. Búrẹ́dì náà dúró lọ́nà ọ̀fun. Kò wọlé, kò jáde.

"Ibo lo pè é?"

"Gbọ̀ngàn tuntun, Bàámi. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Aago mẹ́sàn-án." Ọmọ náà tún tẹjú mọ́ ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé bí òun bá mójú kúrò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè fò lọ. "Gbogbo àwa tí a wọlé sí ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́dún yìí la jọ máa wà níbẹ̀. Wọ́n ní a lé ní irinwó."

"Irinwó!" Ìyá rẹ̀ yíjú padà láti ìdí sítóòfù, ṣíbí tó fi ń din ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kíláàsì ni àbí ogun?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà yunifásítì yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọgọ́ta bẹ́ǹṣì gígùn ló wà nínú gbọ̀ngàn náà, ọwọ́ rẹ̀ yìí ló sì kan gbogbo wọn. Ọgbọ̀n àkọ́kọ́, igi gidi ni, igi tí ayùn ń ké kó tó gbà fún un. Ọgbọ̀n tó kù, tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún níbi tí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn parí sí, pákó àpótí ni. Agbaṣẹ́ṣe tó gbé iṣẹ́ náà wá ló já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù wá láti òkè òkun, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi fánísì dúdú bò ó. Ẹ̀yìn ló ń lọ. Ta ní í wo ẹ̀yìn?" Gbẹ́nàgbẹ́nà fi fánísì bò ó. Ó dán. Ó dán ju igi gidi lọ. Owó iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi san owó ìwọlé ọmọ yìí, tí gbogbo ilé kúnlẹ̀ dúpẹ́.

"Dìde, máa lọ," ló wí.

"Aago méje ò tíì lù, Bàámi."

"Mo ní kí o máa lọ. Iwájú ni kí o jókòó. Iwájú pátápátá, kí o máa gbóòórùn olùkọ́. Ṣé o gbọ́? Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yìn ni ìmọ̀ rẹ̀ ń gbé."

"Òwe tuntun rèé o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ibo lẹ ti ra á?" Ó gbé ẹyin síwájú ọmọ. "Jẹun, jàre. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í wọ ikùn tó ṣófo."

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà, ìyá gbẹ́nàgbẹ́nà, ti jáde láti yàrá, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri nítorí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú. Bí ìyá yìí bá ti fẹ́ kúnlẹ̀ báyìí, kí ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná yáa lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyàwó ilé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pa sítóòfù.

Màmá Àgbà gbàdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, ó ya sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kékeré, ó kí Ọlọ́run fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dárí ji èyí tó nà án lọ́jọ́ kan nítorí kálàmù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe àmín kó tó kan àmín.

"Olùgbé-ẹni-ró," ni ìyá náà ń wí, "ibi tí ọmọ yìí bá jókòó sí lónìí, kó má yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ o."

Gbogbo ilé ní àmín. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ń ṣáájú gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àmín tirẹ̀ kò tètè dé. Nígbà tó máa dé, ó dé bí ikọ́.

"Màmá, ó ti tó báyìí. Ọmọ máa pẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ṣí ojú kan. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ ò kánjú àdúrà rí. Kí ló ń lé yín?"

"Kò sóhun tó ń lé mi."

"Ẹ jẹ́ kí n kì í," ni Màmá Àgbà wí. Ó di orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń wọn nǹkan:

"Ọkọ mi, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà,
ọmọ ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà,
ọmọ a-sọ-igi-oko-dìtẹ́-ọba.
Ọmọ a-kàn-án-kó-má-mì:
baba ńlá jókòó lé e, kò mì;
baba jókòó lé e, kò mì.
Igi tí wọ́n kàn nílé yín, ìjì jà á tì;
ikán wò ó, ikán kí i, ikán bá tirẹ̀ lọ."

Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi bọ́jú tó ti bọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tó máa fi padà wọlé, Aránṣọ ti dé, obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló rán ṣòkòtò tuntun tí ọmọ fẹ́ wọ̀ lọ, kò sì tíì ṣẹ́tí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, abẹ́rẹ́ ń lọ, ẹnu ń lọ.

"Ẹ̀yin ilé ẹnjiníà, ẹ kú oríire o! Obìnrin tó ń lọ kọ́ bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ! Ọkọ tó bá fẹ́ ẹ, kó ṣọ́ra. Lọ́jọ́ tó bá bínú, yóò tú ọkọ náà palẹ̀ ni, bóòtù kan níbí, bóòtù kan lọ́hùn-ún."

"Ìwọ tí o ò kọ́ ẹnjiníà ńkọ́?" ni ìyá ọmọ dá a lóhùn. "Ṣebí ọkọ tìrẹ fúnra ẹ̀ ló tú ara ẹ̀ lọ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un. Ó ní kí wọ́n bá òun wá òrí kóun fi pa á. Wọ́n wá òrí. Aago mẹ́jọ kọjá.

"Kó ró ìró lọ!" ni gbẹ́nàgbẹ́nà pariwo. "Ṣé ṣòkòtò ni wọ́n máa fi kọ́ ọ ni?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Aránṣọ wo ìyá ọmọ, ìyá ọmọ wo ilẹ̀. Omi fẹ́ẹ́ lé sójú ọmọ náà. "Bàámi," ló wí jẹ́jẹ́, "bí mo tilẹ̀ ti jáde láti aago mẹ́fà, n ò lè rí iwájú jókòó. Àwọn tó ń gbé inú ọgbà ti fi ìwé gba gbogbo àyè láti àná. Ẹ̀yìn ni àwa ará ìlú máa ń bá."

Gbẹ́nàgbẹ́nà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà á: má jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, èmi ni mo kàn án, mo mọ ohun tí mo fi kàn án. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń wò ó. Ó rí Aránṣọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lókè. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ṣì ń mi orí sí oríkì tó ti parí.

"Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ," ló wí.

Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n àdúrà tí èèyàn fi di ẹnu ara rẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á kọ́kọ́ wojú ara wọn kí wọ́n tó gbé e.

*

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé pákó ilẹ̀kùn kan sórí tábìlì iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ìfági ń lọ, ó ń bọ̀. Èérún pákó ń ká sílẹ̀ bí irun ọmọdé. Ojú rẹ̀ wà lára aago ara ògiri. Mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá díẹ̀: ọmọ ti wà nínú ọkọ̀. Mẹ́sàn-án ku ogún: ó ti sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́sàn-án ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ọ̀gá Pákó!" Oníbẹ́ẹ̀dì ló ń pè é láti òdìkejì, ọkùnrin tó ń rán tìmùtìmù. "Ilẹ̀kùn lẹ̀ ń ṣe ni àbí ìwé?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ọwọ́ rẹ̀. Pákó náà ti tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí ilẹ̀kùn nínú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ ò jọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì," ni Oníbẹ́ẹ̀dì wí. "Bó bá jẹ́ tèmi ni, ọtí ni ǹ bá máa mu."

Fóònù dún kó tó dáhùn. Agbaṣẹ́ṣe ni, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. "Ọ̀gá mi dáadáa! Wọ́n ti fún wa ní gbọ̀ngàn méjì sí i. Iṣẹ́ yín ló wù wọ́n, ó ń dán! Pákó ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Irú ti tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. Kò ní rárá. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa fóònù, ó sì kó òòlù sínú báàgì, ó kó síkúrù, ó kó irin onígun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tábìlì, ó kó gọ́ọ̀mù. Ó mọ̀ pé òmùgọ̀ èèyàn nìkan ló ń fi báàgì kan lọ tún ọgbọ̀n bẹ́ǹṣì ṣe nígbà tí irinwó ènìyàn jókòó lé wọn. Síbẹ̀ ó gun alùpùpù, ó ní kí ọlọ́kadà sáré.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ọgbà na ọwọ́ dá a dúró. "Níbo, Bàbá?"

"Gbọ̀ngàn tuntun. Mo fẹ́ lọ tún bẹ́ǹṣì ṣe."

"Bẹ́ǹṣì tuntun? Ta ló ní ó bàjẹ́?"

"Kò tíì bàjẹ́."

Ẹ̀ṣọ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kò tíì bàjẹ́, ẹ fẹ́ tún un ṣe. Bàbá, ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ni yín ni àbí wòlíì? Ìwé tí wọ́n fi pè yín dà?"

Òógùn bo gbẹ́nàgbẹ́nà. "Ọmọ mi wà níbẹ̀," ló wí. "Ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé o jàre."

Irọ́ ṣí ilẹ̀kùn tí òtítọ́ kàn títí. Kò ráyè ro ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

*

Gbọ̀ngàn náà ga ní ẹ̀yìn, ó rẹlẹ̀ níwájú, bí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó dé ojú fèrèsé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀wọ́ ẹ̀yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú kún fọ́fọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n dúró, wọ́n fara ti ògiri. Níwájú lọ́hùn-ún, olùkọ́ kan, obìnrin kúkúrú onígíláàsì, ń fi ẹfun kọ nǹkan sára pátákó.

Ó wá ọmọ rẹ̀, ó rí i. Ọ̀wọ́ kejì sí ẹ̀yìn, àárín gan-an. Èèyàn márùn-ún ló wọn bẹ́ǹṣì yẹn fún. Ó kà wọ́n: méje.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó fì í. Ọmọ náà rí i, ó sì fi ìwé bojú. Ẹ wo bàbá tó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá kíláàsì bí ẹni tẹ̀lé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi! Ọmọbìnrin tó jókòó tì í bi í ní nǹkan, ó sọ ọ́ sí i létí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó tún yọjú, ó fi ìka dá bàbá rẹ̀ lóhùn díẹ̀, lábẹ́ ìwé, tìfẹ́tìfẹ́, bí ìgbà tó wà lọ́mọ kékeré. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọwọ́ ṣe: dìde. Ọmọ náà mi orí: rárá, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ àyè. Wọ́n sún mọ́ra fún un. Mẹ́jọ.

"Kí ni ẹnjiníà?" ni olùkọ́ wí. Ohùn rẹ̀ ju ìdúró rẹ̀ lọ. "Ẹni tó ń kọ́ afárá kọ́. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kọ́. Ẹnjiníà ni ẹni tó mọ ohun tí yóò wó, kó tó wó, tó sì sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà la gbogbo gbọ̀ngàn kọjá, ó jáde lójú fèrèsé, ó bá a níbẹ̀. Ó mọ̀. Ó mọ̀ ju gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ. Ó la ẹnu láti ké. Ṣùgbọ́n bó bá ké, irinwó orí ni yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ parí gbólóhùn yìí ná. Olùkọ́ parí rẹ̀. Ó ní, ẹ jẹ́ kó tún sọ ọ̀kan sí i.

Igi gidi máa ń ké kó tó dá. Ó máa ń fún èèyàn láyè. Pákó àpótí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní *gbà!* lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, èèyàn mẹ́jọ sì wọlẹ̀.

Kò mọ bó ṣe gba ẹnu-ọ̀nà wọlé. Ó bá ara rẹ̀ láàárín ariwo, ó ń gbé pákó kúrò lórí ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ ti dìde fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá a rẹ́rìn-ín ni kò lè dìde. Ìṣó ti ya á láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sì tẹ̀ síbi tí ọwọ́ kì í tẹ̀ sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé e. Ó fúyẹ́. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí dé ẹnu-ọ̀nà, níbi tí àwọn kan ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà.

"Ẹ ṣé o, Bàbá," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó ṣàmín. Ẹnu rẹ̀ ló ṣe é.

Nígbà tó yíjú padà, wọ́n ti gbé egungun bẹ́ǹṣì náà wá síwájú, olùkọ́ sì ti dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Ta ló ṣe irú èyí?" ló bi gbogbo wọn.

"Olè ni!" ni ẹnì kan ké láti òkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí àyà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Ojú olùkọ́ bọ́ sórí báàgì, òòlù tó yọrí níbẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Oníṣẹ́ igi ni yín. Ẹ bá wa wò ó. Kí lẹ rí?"

Ọmọ rẹ̀ dúró ní ìwọ̀n apá méjì sí i, ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára ṣòkòtò tuntun. Pákó ìjókòó tó já wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pákó àpótí ni," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Kò sí gọ́ọ̀mù."

"Ẹni tó kàn án, ṣé kò mọ̀ ni?"

Ó gbọ́ bí ẹfun ṣe bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, tó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"N ò lè mọ̀, olùkọ́."

Ọmọ rẹ̀ yí pákó náà padà. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí fánísì kò dé, ilà kékeré mẹ́ta ló dúró bí eyín, ẹ̀kẹrin sì dá wọn lábùú. Bákan náà ló wà lábẹ́ àpótí tó ń gùn nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Bákan náà ló wà lábẹ́ tábìlì tó ti jẹun láàárọ̀. Ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ní í sàmì sí iṣẹ́ tó fẹ́ sẹ́? Ṣùgbọ́n bí bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe kọ́ ọ nìyẹn láti ìgbà tó ti ń gbé ayùn fún un: iṣẹ́ tí kò lámì, ọmọ tí kò ní baba ni. Kò rántí ìgbà tó gbẹ́ àmì náà sí àwọn bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò bi í léèrè.

"Olùkọ́," ni ọmọ náà wí, "ẹ jẹ́ kí n mú èyí lọ wò nílé."

"Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́!" ni olùkọ́ wí. "Gbogbo yín, ojú ìwé kan ṣoṣo, láàárọ̀ ọ̀la. Kí ló wó bẹ́ǹṣì yìí, ta ló sì yẹ kó mọ̀?"

*

Ìròyìn yá ju alùpùpù lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà rìn kiri títí oòrùn fi rọ̀, kò lè dé ṣọ́ọ̀bù, kò fẹ́ délé. Nígbà tó padà wọlé, Aránṣọ ti wà nínú pálọ̀, fóònù rẹ̀ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwòrán bẹ́ǹṣì tó wó wà nínú rẹ̀.

"Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ kán o! Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Bẹ́ǹṣì tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ! Ẹni tó kàn án, ọwọ́ tó fi kàn án ló yẹ kó rọ."

"Ọlọ́run á mú un," ni Màmá Àgbà wí láti orí àga rẹ̀. "Kò ní sinmi, kò ní fọkàn balẹ̀ jẹun."

Ìyàwó ilé tó ń bu ìrẹsì dá ṣíbí dúró. Kò ṣe àmín. Ó wo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára apá ẹ̀wù rẹ̀.

"Aránṣọ," ló wí, "máa lọ ilé ẹ. A fẹ́ jẹun."

"Èmi? Ṣé n ò kì í bá yín jẹun ni?"

"Máa lọ."

Aránṣọ lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì dún bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì; ó ń tẹ́tí.

Ọmọ wọlé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó kí wọn, ó kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Ó yọ pákó náà nínú báàgì ìwé rẹ̀, ó gbé e lélẹ̀ sórí tábìlì, láàárín àwo ìrẹsì bàbá rẹ̀ àti ife omi.

"Kí lẹ gbé síbẹ̀?" Màmá Àgbà na ọwọ́. Ìka rẹ̀ rìn lórí fánísì, ó yí i padà, ó rìn lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró. Ó kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kọ́kọ́ gbẹ́ àmì yẹn, sí abẹ́ ibùsùn ìgbéyàwó wọn.

Ó fi pákó sílẹ̀. Ó gbá ẹnu rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni fẹ́ dá ọ̀rọ̀ tó ti jáde padà sínú.

"Mo wà níbẹ̀, Màmá," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Mo wà lójú fèrèsé."

"O wà níbẹ̀." Ìyá náà dìde. "Àgbà kì í wà lọ́jà…" Kò parí rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìparí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá.

Ìyàwó jókòó nígbẹ̀yìn. "Mo rí pákó yẹn nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀," ló wí, bí ẹni ń bá ìrẹsì sọ̀rọ̀. "Mo rí òǹtẹ̀ àwọn tó ń kó ẹrù lára rẹ̀. Mo ní, ṣebí iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo ní, ṣebí ọmọ fẹ́ wọ ilé ìwé."

"Kì í ṣe ìwọ."

"Èmi náà ni. Mo jẹ níbẹ̀."

Fóònù gbẹ́nàgbẹ́nà ń dún. Agbaṣẹ́ṣe ni. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Gbẹ́nàgbẹ́nà dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń gbọ̀n lórí tábìlì bí kòkòrò tí wọ́n fi ìkòkò dé. Wọ́n dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà ṣí ìwé tuntun, ojú ewé àkọ́kọ́, tí kò sẹ́ni tó tíì kọ nǹkan sí. Ó mú kálàmù. Láti ìgbà tó ti wọlé, kò tíì wo ojú bàbá rẹ̀.

"Wọ́n ní ká kọ ohun tó wó o."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti àwo ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kọ ọ́. Pákó ìjókòó: ìdajì ìnṣì. Ìnṣì kan ó lé díẹ̀ ló yẹ."

Ó kọ ọ́.

"Ẹsẹ̀: mẹ́rin. Mẹ́fà ló yẹ, nítorí gígùn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù: kò sí. Síkúrù: kò sí. Ìṣó: méjì méjì, wọn ò wọlé tó. Kọ ọ́ dáadáa, kó ṣeé kà. Èèyàn tí a wọ̀n ọ́n fún: márùn-ún. Iye tó jókòó…"

"Mẹ́jọ," ni ọmọ náà wí. "Mo mọ èyí."

Kálàmù ń lọ. Ìrẹsì ń tutù. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Wọ́n ní, ta ló yẹ kó mọ̀." Nígbà yìí ló gbé ojú sókè. "Bàámi, bí mo bá fi èyí sílẹ̀ fún wọn, wọn ò ní fún yín níṣẹ́ mọ́. Wọ́n lè wá mú yín. Mo lè kọ agbaṣẹ́ṣe nìkan."

"Kọ agbaṣẹ́ṣe. Kọ orúkọ rẹ̀ kó hàn." Gbẹ́nàgbẹ́nà yọ pẹ́ńsùlù kúkúrú tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kù lẹ́yìn gbọ̀ngàn yẹn. Aago mẹ́sàn-án ọ̀la, àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa tún jókòó lé wọn."

Ó fa ilà kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ó fa èkejì. Ó fa ẹ̀kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ilẹ̀kùn yàrá Màmá Àgbà sì ṣí díẹ̀. Ó dá wọn lábùú pẹ̀lú ẹ̀kẹrin, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé gan-an, bí ẹni pé igi ni.